Aṣọ Ìgbà Là Ń Dá fún Ìgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ayé bá ń yí, ká bá ayé yí. Bí ìgbà bá ń yí, ká bá ìgbà yí. Aṣọ ìgbà là ń dá fún ìgbà. Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba ni mo fẹ́ bá sọ ọ́, àti àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ tí òtútù ṣì ń fojú wọn rí màbo lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti gbà lọ́kàn ara wọn pé láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, èèyàn ò gbọ́dọ̀ retí ìgbádùn kankan. Wọn á ra kóòtù dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ kan, wọn á kó sínú rẹ̀, wọn á wá máa ka ọjọ́ títí oòrùn yóò fi yọ. Ìmúra ò sí, ìjáde ò sí, àfi ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Oṣù márùn-ún gbáko ni o! Ẹni tó bá fi ogún ọdún gbé ìlú náà báyìí, ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tó fi sá pamọ́. Ó ń dùn mí, nítorí àwọn yìí kan náà ni wọn ò ní lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìbàdàn láìjẹ́ pé bùbá bá ìró mu.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí aṣọ inú bá òtútù jà, kí aṣọ òde sì jẹ́ tiyín. Ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjèèjì, òtútù á mú un, ẹwà náà á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú. Aṣọ kì í bí ooru. Ara wa ló ń mú ooru jáde. Iṣẹ́ aṣọ ni pé kó má ṣe jẹ́ kí ooru náà sá lọ, afẹ́fẹ́ tó bá há sáàárín aṣọ kan sí èkejì ló sì ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyí tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta fi ń ṣiṣẹ́ ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Kò ṣàjèjì sí wa. Ọkùnrin tó wọ bùbá, tó gbé agbádá lé e, obìnrin tó wọ bùbá, tó ró ìró, tó tún fi ìborùn sí èjìká, aṣọ lórí aṣọ ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Èyí tó máa kan ara ló gba ọgbọ́n jù. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tí a mọ̀ nílé dára fún ooru Èkó, ṣùgbọ́n òwú a máa mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Ẹ sáré lé bọ́ọ̀sì, òógùn bò yín. Bọ́ọ̀sì ti lọ, ẹ dúró de òmíràn. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti tutù á wá lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn, òtútù á sì wọ eegun. Irun àgùntàn, ìyẹn wúùlù, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè fa ọ̀rinrin tó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀ sínú, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má sì mọ̀ pé ó tutù. Ti àgùntàn meríínò ló fẹ́lẹ́ jù, kì í sì í yúnni lára bí wúùlù tí à ń bẹ̀rù. Bí owó rẹ̀ bá ga jù, ẹ ra aṣọ inú thermal lásán tí wọ́n fi polyester ṣe, nítorí ó máa ń tètè gbẹ. Ẹ wọ súwẹ́tà lé e, kí ẹ wá gbé kóòtù tí afẹ́fẹ́ àti òjò ò lè gbà kọjá lé gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ ra kóòtù, ẹ wọ súwẹ́tà yín lọ. Ẹ gbé apá sókè bí ìgbà tí ẹ bá di irin mú nínú bọ́ọ̀sì. Bí ọrùn ọwọ́ bá hàn síta, tàbí tí ẹ̀yìn bá fún pinpin, ẹ gbé e kọ́ padà. Bàtà náà ńkọ́? Ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè nínú rẹ̀. Ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tó fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù ju ti ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ, torí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè ṣàn dáadáa, afẹ́fẹ́ ò sì ráyè dúró. Kí ẹ sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kí ẹ tó sanwó: èyí tó bá dán jọ̀lọ̀, yìnyín orí títì á gbé ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣubú.

Ó wá ku òde. Aṣọ là ń kí, ká tó kí èèyàn. Ní ìgbà òtútù, aṣọ tí wọ́n máa rí kí kò ju mẹ́rin lọ: kóòtù, fìlà, mọ́fúlà àti bàtà. Ẹni tí ẹ jọ ń wọ ọkọ̀ ojú irin láràárọ̀ lè má rí ohun tó wà lábẹ́ kóòtù yín títí oṣù kẹta yóò fi dé. Ibẹ̀ ni kí owó yín lọ. Mo mọ àwọn tí kọ́bọ́ọ̀dù wọn kún fún aṣọ dé ẹnu, tó jẹ́ pé kóòtù kan péré ni wọ́n ní, wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Òwe kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi: ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni í bá ẹni í mu. Ẹni tó ra jákẹ́ẹ̀tì dúdú ńlá nítorí pé òun ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù, àgbàwọ̀ ló wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Ẹ bi ara yín léèrè: nígbà tí ẹ wà nílé, kí làwọn èèyàn fi ń mọ̀ yín? Ṣé ẹni àdìrẹ ni yín, àbí ẹni funfun tó mọ́ tónítóní? Ṣé aṣọ tó fẹ̀ lẹ fẹ́ràn, àbí èyí tó bá ara lọ? Ìdáhùn yẹn ni kí ẹ mú dé ibi tí ẹ ti fẹ́ ra kóòtù. Ẹni tó bá fẹ́ràn agbádá lè wá kóòtù tó fẹ̀ léjìká, tó sì gùn dé ojúgun. Inú irú kóòtù bẹ́ẹ̀ ni yóò ti mọ ara rẹ̀.

Àǹtí kan wà tí mo mọ̀ ní Peckham, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Ìpèlé aṣọ òkè àlàárì tó ṣẹ́ kù láti ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló mú, ó gé e gùn bíi mọ́fúlà, ó sì fi wúùlù rírọ̀ aláwọ̀ eérú gbè é lẹ́yìn. Ọwọ́ ló fi rán an. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ibi tí abẹ́rẹ́ ti tọ ojú ìpàdé ọ̀já kan sí èkejì, tí òwú pupa sì farapamọ́ sínú pupa. Aṣọ òkè a máa họ ọrùn, nítorí náà ìta ló kọ ọ́ sí, tó jẹ́ kí wúùlù kan ara. Kóòtù dúdú tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ náà ló ń wọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti wé pupa yẹn mọ́ ọrùn, láti òdìkejì títì lẹ ti máa mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Àwọn arúgbó tó ń tọ́jú a máa ní kó jókòó kí àwọn fọwọ́ kan án. Owó wúùlù nìkan ló ná an.

Ẹ̀yin ọkùnrin, abetí ajá tí ẹ dì sínú àpótí, ẹ yọ ọ́ síta. Ẹ ní kí aránṣọ fi aṣọ tó gbóná tẹ́ ẹ nínú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ fa etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ bo tiyín. Ní tàwọn obìnrin, fìlà wúùlù máa ń já irun níwájú orí àti légbẹ̀ẹ́ etí. Sátíìnì ni kí ẹ rán sínú rẹ̀, kò gbà ju nǹkan bí ìwọ̀n áńkáṣíìfù ńlá kan lọ.

Nípa owó, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá mọ òkìrìkà yàn ní Yábàá kò ní sọnù nínú charity shop, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù fún iṣẹ́ àánú. Kóòtù wúùlù gidi pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní àdúgbò àwọn olówó. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá kòkòrò ti lu ú, kí ẹ sì wo abẹ́ apá. Bọ́tìnì tó já ò tó nǹkan. Ẹ tilẹ̀ lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èyí tó wù yín. Gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé. Ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni. Kóòtù olówó ńlá tí èjìká rẹ̀ ń ṣubú kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti charity shop tí aránṣọ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dín lápá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ilẹ̀ òtútù àti ẹwà Yorùbá ò lè pàdé, kó wo àwọn tó ti ṣe é. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni Shade Thomas-Fahm ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ láàárín ọdún 1950 sí 1960, kó tó padà sílé lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èkó, tó sì sọ gèlè di ohun tí a ti wé sílẹ̀, tí èèyàn kàn máa dé sórí. Duro Olowu, tí wọ́n bí sí Èkó, tó kọ́kọ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, gba oyè ayàwòrán aṣọ tuntun tó ta yọ jù ní Britain ní 2005, nípa kíkó oríṣiríṣi àwọ̀ àti àmì pọ̀ sára aṣọ kan lábẹ́ ọ̀run aláwọ̀ eérú ìlú náà. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, Adeju Thompson ti ilé iṣẹ́ aṣọ Lagos Space Programme gba ẹ̀bùn International Woolmark Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn tó ń fi wúùlù meríínò dárà; ọgbọ́n àdìrẹ wa wà lára ohun tó mú lọ bá wúùlù. Kí ẹ sì rántí léèsì tí à ń wọ̀ lọ sí òde àríyá. Púpọ̀ nínú èyí tó níyì jù ni wọ́n ń ṣe ní Lustenau, ní orílẹ̀-èdè Austria, níbi tí yìnyín ti ń bo òkè. Wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí wa láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú. Ẹni tó bá lè wọ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ yìnyín nínú ooru Èkó, kí ló ní kó má gbé aṣọ òkè lọ sínú yìnyín?

Ara náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tó ti rí ọyẹ́ nílé mọ ohun tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń ṣe sí ètè àti gìgísẹ̀, hítà inú ilé sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná yáúyáú wẹ̀ pẹ́, kí ẹ sì fi òrí para nígbà tí omi ò tíì gbẹ tán lára. Àwọn elétò ìlera ní kí ilé má ṣe tutù ju ìwọ̀n 18°C lọ. Ẹ má fi owó iná du ara yín débi tí àyà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Àjọ ìlera NHS sì gba gbogbo èèyàn níyànjú láti máa lo fítámì D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, nígbà tí oòrùn ò bá tó. Àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní ká rò ó láti máa lò ó lọ́dún yípo, torí àwọ̀ wa kì í tètè rí èyí tó tó gbà lára oòrùn ibẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ká mi lára jù. Nílé, ọ̀sán wa kì í jìnnà sí wákàtí méjìlá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, kì í pé wákàtí mẹ́jọ. Ní Aberdeen, ní Scotland, kì í pé méje. Òkùnkùn lẹ ó jáde nílé, òkùnkùn lẹ ó wọlé. Dókítà kan láti Gúúsù Áfíríkà, Norman Rosenthal, tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó gbé ìwádìí jáde ní 1984 lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí àìtó ìmọ́lẹ̀ ń fà. Bí ẹ bá rí i pé oorun ń pọ̀ jù, pé oúnjẹ aládùn nìkan ni ẹnu ń fẹ́, pé ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́, àìsàn tó ní ìtọ́jú lè ni. Ẹ lọ rí dókítà yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ọ̀lẹ. Kó tó dé bẹ́ẹ̀, ẹ máa jáde lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá fún yín ní wákàtí kan láti jẹun níbi iṣẹ́, ẹ fi ìdajì rẹ̀ rìn níta, ọ̀run ìbáà ṣú. Aṣọ tó dáa tí mo ti ń sọ bọ̀, ìjáde yìí gan-an ló wà fún.

Níbo lẹ ó wá rìn dé? Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ mú ẹnì kan dání. Ẹ lọ sí Rye Lane ní Peckham tàbí Ridley Road ní Dalston lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo ibi tí wọ́n to ata rodo àti àńkárá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọ̀ tí ojú ń wá ti wà níbẹ̀. Ẹ gba abẹ́ afárá ojú irin Thessaly Road ní Battersea, níbi tí Yinka Ilori, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, fi àwọ̀ rírẹwà bo ògiri ní 2019. Ẹ wọ British Museum, kò gba kọ́bọ̀, kí ẹ dúró níwájú orí idẹ Ifẹ̀, kí ẹ wo bí oníṣẹ́ ọnà ṣe to adé yẹn ní ìlẹ̀kẹ̀ léraléra. Ẹlòmíràn á ti ibẹ̀ mọ irú fìlà tó máa rán.

Ẹ má dúró di ìgbà tí òtútù bá mú yín kí ẹ tó palẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn. Kó tó di ọjọ́ náà ni kí kóòtù ti wà lára ògiri, kí bàtà ti gba epo. Bó bá di ìparí oṣù kẹta tí wọ́n sún aago síwájú, ẹ fọ wúùlù ní omi tútù, ẹ tẹ́ ẹ gbẹ, ẹ dì í sínú ohun tí kòkòrò ò lè wọ̀. Èyí tí ẹ kò bá ní wọ̀ mọ́, ẹ wá ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ẹ fún un, kí ẹ sì bá a dé ọjà láti lọ wá mọ́fúlà tó jẹ́ tirẹ̀.