Ìtọ́jú Ojú Abẹ Lára Ajá

Ní Ṣàngó àti Ọ̀tà wa níhìn-ín, ajá ni ó ń bá ọ̀pọ̀ wa ṣọ́ ilé, ìsọ̀ àti ilé iṣẹ́ lóru. Bí dókítà ẹranko bá la inú ajá yín láti yọ ilé ọmọ, tàbí tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ti parí. Títí di ọjọ́ 10 sí 14 tí dókítà yóò yọ okùn ojú abẹ, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Nọ́ọ̀sì ènìyàn ni mí, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ń ba egbò ènìyàn jẹ́ náà ni ó ń ba ti ajá jẹ́.

Èkínní: Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe so ó mọ́ ẹnu géètì. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ fún un nínú ilé. Bí ojú rẹ̀ bá ti là dáadáa, ẹ fún un ní omi díẹ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ díẹ̀. Kí ó má sáré, kí ó má fò, títí a ó fi yọ okùn.

Èkejì: Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé itọ́ ajá a máa wo egbò sàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àìsàn pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, eyín rẹ̀ sì lè já okùn tí ìfun yóò fi tú síta. Ẹ gba ohun tí ó dà bí àrọ tí wọ́n ń fi sí ajá lọ́rùn lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ̀kẹta: Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi kẹrosín-ìn, ọ́ìlì ọkọ̀, omi dogoyárò tàbí sípíríìtì kàn án. Wọ́n ń jó ẹran ara, ajá a sì tún lá májèlé náà. Ẹ lé eṣinṣin, kí ìdin má bàa wọ ojú abẹ.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ má fún un ní oògùn ìrora tiyín. Ibuprofen lè dá egbò sí i nínú, kí ó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ó wú díẹ̀ kò burú, bí ó bá ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọyún, òórùn tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, tí ojú abẹ là, tàbí tí ajá kò jẹun, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ìfun bá yọ, ẹ má tì í padà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a fi omi rin bò ó, kí ẹ sì máa lọ kíákíá. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà ní Ìbàdàn.

Èyí tí ó kàn mí jù nìyí: ajá tí ara ń ro lè bu olówó rẹ̀ jẹ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà. Àrùn dìgbòlugi, bí ó bá ti fara hàn, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tí ó yè é. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a gbà ní àkókò a máa dènà rẹ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ fún ajá náà lọ́dọọdún.