Owó kékeré, iṣẹ́ òru: Ohun tó ń dá òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ dúró nílé búrẹ́dì

Bí Kérésìmesì bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn tó ní ilé búrẹ́dì kéékèèké máa ń gba èèyàn kún òṣìṣẹ́ wọn. Tó bá di oṣù kìn-ín-ní, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Òru ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà, torí búrẹ́dì gbọ́dọ̀ ti dọ́wọ́ àwọn tó ń tà á kílẹ̀ tó mọ́ tán. Owó ibẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ilé búrẹ́dì kan wà tí àwọn tí wọ́n gbà yìí á ṣe é dópin, tí wọ́n á tún wá béèrè lọ́dún tó tẹ̀ lé e bóyá àyè wà. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n gbà lọ́jọ́ Ajé kò ní í yọjú mọ́ tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n ń san níbi méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó fà á, kó wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹnì kan ń po fúláwà, ẹnì kan ń kì í sínú ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ kó lè dán, ẹnì kan ń gé e, ó ń wọ̀n ọ́n, àwọn kan ń tò ó sínú páànù, ẹnì kan sì dúró ti iná. Bí yíìsì bá ti wọ inú fúláwà, kò tún dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹni tó ń gé e bá lọ sùn, èyí tó wà nílẹ̀ á wú kọjá bó ṣe yẹ, á kan, owó ọ̀gá á sì wọgbó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti ń sùn nílé ní tiẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ ló lè sọ òru di gígùn tàbí kúkúrú fún un. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni, tó ń dápàárá láago méjì òru, tí wọ́n jọ ń bu ẹ̀bà jẹ nínú abọ́ kan, ilẹ̀ á mọ́ kó tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àáró ṣe rí láyé àtijọ́: ebè tó ń dá ẹnì kan lágara, èèyàn mẹ́fà á fi ṣeré.

Irú nǹkan yìí hàn ní Amẹ́ríkà náà. Lọ́dún 1927, iléeṣẹ́ Western Electric tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Hawthorne, lẹ́bàá ìlú Chicago, kó obìnrin mẹ́fà sínú yàrá ọ̀tọ̀. Márùn-ún ń to ẹ̀yà ẹ̀rọ pọ̀, ẹnì kẹfà ń gbé èyí tí wọ́n máa tò fún wọn. Wọ́n ń yí àkókò ìsinmi wọn padà, wọ́n ń dín wákàtí iṣẹ́ kù, wọ́n sì ń ka ohun tí wọ́n bá ṣe. Iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i gan-an. Àwọn obìnrin náà sọ pé ara tu àwọn nítorí kò sí ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ àwọn, àti pé àwọn ti di ọ̀rẹ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n orí lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fẹ́ràn ìtàn yìí, àmọ́ àwọn kan nínú wọn kì í sọ ọ́ tán. Wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń san owó náà padà: kàkà kí wọ́n fi iṣẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn ṣírò owó wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ àwọn díẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bákan náà, lọ́dún 1928, wọ́n mú méjì tí wọn kò bá ọ̀nà náà lọ kúrò, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn.

Níbi tó ti kan ọ̀gá kékeré nìyẹn. Nínú èèyàn márùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo lè ba òru jẹ́. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá tó ń sùn lórí àpò fúláwà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá wí, òun ló ń lé àwọn yòókù lọ, kì í ṣe owó. Kí ọ̀gá tó gba ẹni tuntun, kó bi ẹni tó ń ṣe olórí òru léèrè. Àwọn tí ọwọ́ wọn bá ti bára mu, kó má tú wọn ká.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín òṣìṣẹ́ kì í ṣe rìsíìtì pé owó ti tó. Òfin owó oṣù tó kéré jù, èyí tí wọ́n sọ di N70,000 lọ́dún 2024, kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ìyẹn sì ń mú kí àwọn kan rò pé kò sí òfin kankan tó kan àwọn. Òfin iṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ẹni tó bá sì ń sún ọjọ́ owó síwájú nítorí pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń dápàárá, kó rántí pé àwọn tó jọ ń rẹ́rìn-ín ló jọ ń sọ̀rọ̀ owó náà. Wọn kì í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá, tí àwọn tó ń ta búrẹ́dì ti san àsansílẹ̀, ni gbogbo wọn máa wọ bàtà wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí wọ́n tó túká lóṣù kìn-ín-ní, kí ọ̀gá kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀. Tó bá di oṣù kọkànlá, olórí òru yẹn ni kó kọ́kọ́ pè, kó ní kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ dání.