Bí A Ṣe Ń Wo Erékùṣù: São Tomé àti Príncipe

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá máàpù Áfíríkà kan síwájú yín. Ẹ fi ìka lé Òkè Cameroon, tó wà létí òkun, tí kò jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà. Ẹ wá rọra fa ìka yín wọ inú òkun, kí ẹ forí lé agbedeméjì gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Erékùṣù àkọ́kọ́ tí ẹ ó kàn ni Bioko, tí àwọn baba wa mọ̀ sí Fernando Po. Ẹ tún sún síwájú díẹ̀, ẹ ó kan Príncipe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni São Tomé, Annobón kékeré ló sì kẹ́yìn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Bioko àti Annobón jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea. Méjì tó wà láàárín ni orílẹ̀-èdè tó gba òmìnira lọ́wọ́ Pọ́túgàlì ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1975. Àwọn ni a ó bẹ̀ wò lónìí.

Àwọn tó ń polówó ìrìn àjò máa ń sọ pé ọwọ́ èèyàn kò tíì kan àwọn erékùṣù yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìdajì ohun tó wà níwájú rẹ̀. Apá púpọ̀ nínú igbó tí àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, oko kòkó ni tẹ́lẹ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín ni bí ẹ ó ṣe fi ojú ara yín dá igbó tí Ọlọ́run gbìn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹrú gbìn.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí òkúta bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ìlà tí ìka yín tọ̀ yẹn, ilẹ̀ ní ibi tí kò ti lágbára, tí àpáta gbígbóná tó ti yọ́ lè gbà jáde. Bí ó ti ń jáde lábẹ́ omi ló ń dì, tó ń gun ara rẹ̀ lórí, títí ó fi yọrí sókè òkun. Òkè ayọnáyèéfín ni gbogbo wọn. Òkè Cameroon ṣì ń mí: ó bú gbàmù ní 1999, ó tún bú ní 2000. Ní ti São Tomé àti Príncipe, kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé iná jáde níbẹ̀ láti ìgbà tí èèyàn ti ń gbé ibẹ̀. Príncipe ló dàgbà jù nínú àwọn erékùṣù mẹ́rin náà. Ọjọ́ orí àpáta rẹ̀ tó nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún. Ti São Tomé tó nǹkan bí ìlàjì ìyẹn. Ìdí nìyí tí Príncipe fi rẹlẹ̀ ju àbúrò rẹ̀ lọ: òjò ti ń wẹ̀ ẹ́ sínú òkun fún ìgbà pípẹ́, òkè rẹ̀ tó ga jù kò sì tó 1,000 mítà mọ́, nígbà tí Pico de São Tomé ga tó 2,024 mítà.

Ní gúúsù São Tomé, ẹ ó rí òkúta kan tó dá dúró nínú igbó, tó rí ṣóṣóró, tó ga ju 300 mítà lọ láti ìdí rẹ̀. Pico Cão Grande ni orúkọ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìgò epo pupa tí epo dì sí lọ́rùn nígbà ọyẹ́. Bí a bá rọra fọ́ ìgò náà dànù, epo tó dì ni yóò dá dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpáta yíyọ́ ṣe dì sí ọ̀fun òkè náà. Òkè tó yí i ká kò le tó o, òjò sì ti kó o lọ. Ohun tó kù ni ọ̀fun yẹn.

Òjò tí mo ń sọ yìí kì í ṣe òjò kékeré. Afẹ́fẹ́ òkun tó kún fún omi máa ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá, á kọ lu òkè, á gòkè, á tutù, á sì da omi rẹ̀ sílẹ̀ lójú kan náà. Nítorí náà ni àwọn ibì kan ní gúúsù São Tomé fi ń gba òjò tó ju 6,000 mìlímítà lọ lọ́dún, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta òjò Ìbàdàn lọ. Lẹ́yìn òkè, ní àríwá, ilẹ̀ gbẹ débi pé igi oṣè ló dúró létí òkun ní Lagoa Azul. Erékùṣù kan náà ni o, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì lè gbé yín láti ibi kan dé ibi kejì láàárín ọjọ́ kan. Ẹ má ṣe fẹ́ràn etíkun débi pé ẹ kò ní rin ìrìn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sínú igbó gan-an, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní obô. Nígbà kan tí omi òkun fà sẹ́yìn, Bioko so mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹranko sì lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. São Tomé àti Príncipe kò so mọ́ ilẹ̀ kankan rí; omi tó yí wọn ká jìn jù. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹkùn, tí kò sí ìgalà níbẹ̀. Ọ̀bọ tí ẹ bá rí ní São Tomé, èèyàn ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Ẹyẹ àti àdán fò wá ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́? Omi iyọ̀ ń pa ọ̀pọ̀lọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé. Ẹranko kan tún wà tó gùn bí ejò, tí kò ní ẹsẹ̀, tó pọ́n bí ọsàn, tó ń gbé inú ilẹ̀ tútù. Mọ̀lẹ́bí ọ̀pọ̀lọ́ lòun náà, cobra bobo ni wọ́n ń pè é, kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Àwọn onímọ̀ ronú pé orí ìdì igi àti koríko tí odò ńlá wọ́ sínú òkun ni àwọn baba ńlá wọn gbà dé, nígbà tí omi odò tó pọ̀ gan-an mú kí iyọ̀ orí òkun dínkù. Àwọn odò tí wọ́n ń fura sí ni Congo àti Odò Ọya. Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí ó yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ohun tó bá dá wà fún ìgbà pípẹ́ a máa yàtọ̀. Ẹyẹ kékeré tí ń fa omi òdòdó lọ́dọ̀ wa ní ẹ̀yà kan ní São Tomé tó tóbi ju gbogbo irú rẹ̀ ní ayé lọ. Ìgbín ibẹ̀, búzio-d'Obô, ń fi ìkarahun rẹ̀ yí sí òsì, nígbà tí ti ìgbín wa ń yí sí ọ̀tún. Ẹ wo ìkarahun dáadáa bí ẹ bá rí i nílẹ̀: bí ó bá yí sí ọ̀tún, ìgbín ilẹ̀ Áfíríkà ni, èèyàn ló gbé e wá fún ọbẹ̀, ó sì ti tàn ká, bí ti ìbílẹ̀ ṣe ń dínkù. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ìdánwò tó dára jù tí arìnrìn-àjò lè ṣe. Ní ti Príncipe, odídẹrẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n ń fò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí igbó. Ọdún 2012 ni UNESCO kọ orúkọ erékùṣù náà mọ́ àwọn ibi tí èèyàn àti ẹ̀dá gbọ́dọ̀ jọ máa gbé ní àlàáfíà.

Báwo ni ẹrú ṣe dé ọ̀rọ̀ yìí? Nígbà tí àwọn ará Pọ́túgàlì gúnlẹ̀ ní nǹkan bí 1470, wọn kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n kó ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà wá gbin ìrèké. Ní 1595, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Amador kó àwọn ẹrú jọ, ó pe ara rẹ̀ ní ọba, wọ́n sì jó ọ̀pọ̀ ilé ìfúnrèké. Àwọn ará Pọ́túgàlì pa á. Lónìí, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún ìrántí rẹ̀. Ìrèké ṣubú, kòkó dé láti Brazil ní nǹkan bí 1820, láti Príncipe ló sì ti tàn dé São Tomé àti Fernando Po. Láti Fernando Po ni wọ́n ti mú un wọ Nàìjíríà ní 1874. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ oníkòkó láti Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà, ẹ rí i pé ọ̀nà oko baba yín gba ibí yìí kọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kòkó São Tomé pọ̀ débi pé ó gba ipò kìíní láyé fún sáà kan. Òfin ti sọ pé ẹrú kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń kó wá láti Angola, tí wọ́n ń pè ní serviçais, kì í sábà padà sílé. Ní 1909, Cadbury àti àwọn aṣe-ṣokoléètì mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti ra kòkó ibẹ̀ mọ́. Àwọn oko ńlá náà, roça lorúkọ wọn, ní ilé ìwòsàn tiwọn, ilé ìjọsìn tiwọn, àní ojú irin tiwọn. Owó kòkó wálẹ̀, òmìnira dé, ọ̀pọ̀ oko di ìgbòrò, igbó sì padà wá gba ilẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá wá ń gun òkè láti ọgbà Bom Sucesso ní São Tomé lọ sí Lagoa Amélia, ihò òkè ayọnáyèéfín tí ewéko ti bò lórí, ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kòkó tàbí kọfí tó ga jù lábẹ́ igi ńlá, ògiri òkúta tí kò dá nǹkan kan dúró mọ́, gbẹ̀rẹ̀fútù, igi kiníní: ọwọ́ èèyàn nìyẹn. Ìgbà tí àwọn wọ̀nyí bá dínkù, tí ewéko tó rọ̀ bíi kànhìnkànhìn bo ẹ̀ka igi, tí ẹ bá kan ewéko begonia tó ga ju èèyàn lọ, ẹ ti ń súnmọ́ obô gidi. Ẹ gba amọ̀nà. Òun ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀, owó tí ẹ bá sì san fún un wúlò fún igbó náà ju owó tí ẹ san fún hòtẹ́ẹ̀lì lọ.

Oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án ni ìgbà ẹ̀rùn, gravana, tó dára fún gígun òkè. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjàpá òkun níbi tí wọ́n ti ń yé ẹyin ní etíkun Jalé ní São Tomé, kí ó wá láàárín oṣù Kọkànlá àti Kejì, kí ó má sì tan iná funfun sí wọn lójú. Lisbon tàbí Luanda ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà wọlé. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ló ń gbé èèyàn lọ sí Príncipe. Ẹ mú yẹ́lò káàdì dání, ẹ má fi oògùn ibà sílẹ̀, ẹ kọ́ èdè Potogí díẹ̀. Oúnjẹ kò ní ṣòro: calulu wọn ní epo pupa, ilá, ewébẹ̀ àti ẹja gbígbẹ.

Ní Príncipe, ẹ yà sí Roça Sundy. Ibẹ̀ ni onímọ̀ ìràwọ̀ Arthur Eddington dúró ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1919, tó ń ya fọ́tò àwọn ìràwọ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, bí ìkùukùu tilẹ̀ ń dí i lọ́wọ́. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ohun tó fi hàn pé ìwúwo oòrùn ń tẹ ìmọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Einstein ti wí. Ó tọ́ kí a rántí rẹ̀. Ó sì tọ́ kí ẹ wo ilé àwọn òṣìṣẹ́, sanzala, tó wà ní roça kọ̀ọ̀kan. Ní Água Izé àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní São Tomé, èèyàn ṣì ń gbé inú wọn, nítorí náà ẹ kí wọn kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Ẹ bi àwọn àgbàlagbà léèrè ibi tí àwọn òbí wọn ti wá. Ẹ ó gbọ́ Cape Verde, ẹ ó gbọ́ Angola, ẹ ó gbọ́ Mozambique, nínú ọgbà kan ṣoṣo.