Àwọn Oyin Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Òdòdó Oko Wa

Bí a bá dé oko ní ìhà Ọ̀dẹ̀dá ní àkókò tí elégédé ń tanná, a lè gbọ́ kí àgbẹ̀ máa ráhùn pé òdòdó pọ̀, ṣùgbọ́n èso kò dúró. Òmíràn a ní ilẹ̀ ti ṣá. Òmíràn a sì fura sí aládùúgbò rẹ̀. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a bèèrè bí oyin bá ń dé oko náà.

Òdòdó elégédé pín sí akọ àti abo lórí ìtàkùn kan náà. Akọ dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, abo sì ní elégédé kékeré ní ìdí rẹ̀. Ní kùtùkùtù ni wọ́n ń là. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti padé. Ìyẹ̀fun inú akọ wúwo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, afẹ́fẹ́ kò lè gbé e. Bí kòkòrò kò bá gbé e dé ọ̀dọ̀ abo, èso kékeré náà yóò rọ, yóò sì já bọ́.

Ní ọdún 1793, Christian Konrad Sprengel, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Spandau ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé àwọ̀ òdòdó àti omi dídùn inú rẹ̀ ni ó ń pe kòkòrò wá sí iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ bí tiwa ni.

Irú oyin ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹyọ kan. Èkíní ni oyin olóró tí a ń jẹ afárá rẹ̀. Bí ó bá jáde lẹ́ẹ̀kan, irú òdòdó kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bẹ̀ wò. Nítorí náà ìyẹ̀fun elégédé kì í ṣòfò sára òdòdó mìíràn. Èkejì ni oyin kékeré dúdú tí kò ní oró, tí ń gbé inú ihò igi àti ti ògiri, tí sì ń wọ irun orí ẹni tí ó bá dà á láàmú. Òun ni ó ń wọ òdòdó wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta ni oyin ńlá dúdú tí ń gbẹ́ ihò sára igi òrùlé. Ẹ wo òdòdó ikàn: inú àpò tí ó ní ihò tín-ín-rín lórí ni ìyẹ̀fun rẹ̀ wà. Oyin ńlá yìí a dì í mú, a gbọn ara rẹ̀ kíkankíkan, ìyẹ̀fun a sì tú jáde. Oyin aláfárá kò lè ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo irúgbìn ni ó ń dúró de oyin: afẹ́fẹ́ ni ń ṣe é fún àgbàdo, kòkòrò kékeré bí kantíkantí sì ni fún kòkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi iná sun ilé oyin nítorí ìgò oyin kan, tàbí tí a bá fọ́n oògùn apakòkòrò sórí òdòdó ní òwúrọ̀, a ń jẹ́ kí èso dínkù lórí oko tiwa àti ti aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́ àwọn ọmọ nínú ọgbà ilé-ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di abo òdòdó elégédé méjì tí yóò là ní ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, kí a tú ọ̀kan, kí a fi akọ òdòdó ra á lẹ́nu, kí a sì tún un dì. Kí a fi èkejì sílẹ̀ bí ó ti wà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí tí a kò fọwọ́ kàn yóò já bọ́; bí ìyẹ̀fun bá mú èkejì dáadáa, yóò máa tóbi. Nígbà náà ni kí a rán àwọn ọmọ lọ ròyìn rẹ̀ fún àwọn bàbá wọn ní oko.