Holden Caulfield àti Àbúrò Rẹ̀ Tí Ó Kú

Àwọn kan nínú wa ka ìwé The Catcher in the Rye, tí J. D. Salinger ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1951, wọ́n sì wí pé orí ọmọ tí ó ń sọ ìtàn náà kò pé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún 16 ni Holden nígbà tí nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún, mẹ́rin ni kò yege. Ó ń rìn kiri ìlú New York, ó ń purọ́, ó ń mutí, ó sì ń pe ènìyàn gbogbo ní alágàbàgebè. Bí a bá dúró níbẹ̀, a ó dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí orí karùn-ún. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ nípa Allie, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa ní oṣù July 1946, ní ọmọ ọdún 11. Ní òru ọjọ́ náà, Holden sùn nínú ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó sì fi ìkúùkù fọ́ gbogbo fèrèsé rẹ̀. Títí di òní kò lè di ìkúùkù dáradára mọ́. Nítorí ọwọ́ yìí ni ó fi wà ní ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ń sin Allie. Kò fi ojú ara rẹ̀ rí ìsìnkú náà.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun kọ àròkọ. Ó kọ ọ́ nípa ìbọ̀wọ́ tí Allie fi ń mú bọ́ọ̀lù, èyí tí ọmọ náà kọ ewì sí lára pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ ewé. Ẹlẹgbẹ́ náà bínú pé kì í ṣe ohun tí olùkọ́ béèrè nìyẹn, Holden sì fà á ya. (Ẹ̀yin tí ẹ ó máa gba àròkọ lọ́wọ́ ọmọ, ẹ tún ibẹ̀ kà.)

Ní ìkẹyìn, bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ láti etí títì, ẹ̀rù a máa bà á pé òun yóò pòórá. A sì máa bẹ Allie kí ó má ṣe jẹ́ kí òun pòórá. Bí ó bá sì dé òdìkejì, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní wèrè. Síbẹ̀, Allie kò dá a lóhùn rí, Holden kò sì sọ pé ó dá òun lóhùn. Nígbà tí Phoebe, àbúrò rẹ̀ obìnrin, sọ fún un pé Allie ti kú, ó fi ìbínú dáhùn pé òun mọ̀, ṣùgbọ́n pé ikú kò ní kí òun má fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

N kò wí pé ara rẹ̀ dá. Ibi tí wọ́n mú un lọ sinmi ni ó ti ń sọ ìtàn náà. Ọ̀fọ̀ tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí ni mo pè é.

Olùkọ́ méjì ni ó tọ̀ lọ nínú ìwé yìí. Ọ̀gbẹ́ni Spencer ka iṣẹ́ rẹ̀ tí kò dára sí i létí. Ọ̀gbẹ́ni Antolini fi ọgbọ́n púpọ̀ gbà á nímọ̀ràn nípa ẹ̀kọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó béèrè Allie lọ́wọ́ rẹ̀.