Ẹ́ńjìnnì Tó Mọ Ìrìn Jẹ́jẹ́

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Àwọn tó ń fi réluwéè kékeré ṣe ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Jámánì àti Japan lè má gbọ́ òwe yìí rí, àmọ́ òun gan-an ni wọ́n fi ń ra ọjà. Ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ léèrè ẹ́ńjìnnì tó dára jù, á dárúkọ èyí tó tóbi jù tàbí èyí tó lè sáré jù. Ẹ bi ẹni tó ti ń tẹ́ irin sórí tábìlì láti ọdún gbọọrọ, ìbéèrè ni yóò fi dá yín lóhùn: ṣé ó lè rìn bí ìgbín?

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí kò lè sáré. Bí ẹ bá yí kọntirólà dópin, èyí tí inú rẹ̀ ti dàrú pàápàá á fò lọ lórí irin. Ìgbà tí ẹ bá dín iná kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni àṣírí ń tú. Bí àwọn jíà inú rẹ̀ kò bá bá ara wọn mu, á máa ta gìrì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan irin dáadáa, á dúró sójú kan, iná iwájú rẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Èyí tó bá gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, tó lọ síwájú, tó tún padà sẹ́yìn láìkọsẹ̀, ẹ ti rí ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà gbé e sórí irin. Igi gàǹgàràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Kí ló ń mú kí ọ̀kan rìn dáadáa ju èkejì lọ? Ẹ má wo ọ̀dà ara, inú ni kí ẹ wò. Irin tó wúwo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè di ojú irin mú. Ẹ̀rọ tó ń yí á wà láàárín, pẹ̀lú àgbá irin kékeré létí rẹ̀ méjèèjì, èyí tí yóò ṣì máa yí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí iná bá já, kí ọkọ̀ má baà dúró lójijì. Gbogbo ẹsẹ̀ ló yẹ kó máa gba iná, gbogbo wọn ló sì yẹ kó máa fà. Ilé iṣẹ́ Athearn ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó mú irú ètò yìí dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa ń tà nínú páálí búlúù nígbà kan. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹni tó wà ní yàrá kejì á gbọ́ ọ. Síbẹ̀ owó rẹ̀ kò ga, ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ lè tú u palẹ̀ kó sì tò ó padà, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Èmi ò mọ ìyìn tó ju ìyẹn lọ fún ohun èlò.

Ní àwọn ọdún 1980, Atlas, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn, gbé iṣẹ́ fún Kato ní Japan pé kí wọ́n bá àwọn ṣe RS-3. RS-3 gidi, ọkọ̀ dísẹ̀lì tí ilé iṣẹ́ Alco kàn láti 1950 sí 1956, kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kékeré rẹ̀ tí Kato ṣe dákẹ́, ó ń fà, ó sì ń yọ́ rìn, débi pé òun ni àwọn èèyàn fi ń díwọ̀n àwọn tó tẹ̀lé e. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Bí ẹ bá ń ra àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn mi kò lọ́jú pọ̀: ẹ ra ti dísẹ̀lì tó kúrú, irú RS-3, GP7 tàbí GP9. Á gba kọ́nà tó há kọjá, kò sì ní àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni ọkàn yín wà. Ti ayé àtijọ́ tó ń jó èédú, tó ń rú èéfín, ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Ní Bìrìtéènì, Flying Scotsman, tí wọ́n kàn ní Doncaster ní 1923, ni tọmọdé tàgbà ń bèèrè. Ní Amẹ́ríkà, Big Boy ti ilé iṣẹ́ réluwéè Union Pacific ni, èyí tí wọ́n ṣe 25 péré láàárín 1941 àti 1944. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Big Boy gidi gùn tó mítà 40. Nínú ìwọ̀n HO, tó sọ nǹkan di ìdá kan nínú 87, ó ṣì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Irin róbótó tó sábà máa ń wà nínú páálí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, láti àárín rẹ̀ dé etí, jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46. Bó bá tilẹ̀ gba kọ́nà ọ̀hún kọjá, imú rẹ̀ á yọ síta, á máa gbá ilé àti igi tí ẹ tò sẹ́bàá ọ̀nà lulẹ̀. Ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu. Bí ọkàn yín kò bá gbà, ẹ wá Consolidation 2-8-0, ẹ́ńjìnnì eléèédú tí ilé iṣẹ́ Bachmann ṣe lábẹ́ orúkọ Spectrum ní òpin àwọn ọdún 1990. Kò tóbi, ó ń gbọ́ràn, kò sì gba owó gọbọi.

Ní Jámánì, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Märklin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, ní ọ̀nà tirẹ̀: orí ìṣó kéékèèké tó wà láàárín irin méjèèjì ni ẹ́ńjìnnì HO wọn ti ń gba iná, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kan tó ń wọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdọ̀tí kì í tètè dá a dúró, ìdí nìyí tí ti bàbá fi ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ẹ kàn má gbé e sórí irin ilé iṣẹ́ Hornby ti Bìrìtéènì tàbí ti Kato. Ńṣe ni iná á ṣọ́ọ̀tì.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, n kò jiyàn. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn ẹ́ńjìnnì idẹ tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní Japan àti Korea. Iṣẹ́ ọnà ni, wọ́n sì wọ́n bí ojú, àmọ́ inú gíláàsì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ṣíìpù tó ń fọn fèrè, tó ń dún bí ẹ́ńjìnnì gidi, náà dùn-ún gbọ́. Ariwo kì í fa wágọ̀nù.

Ọjà àlòkù ni owó yín ti lè níyì jù, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kọsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yí po, ó ṣeé ṣe kí jíà ike tó wà lára ọ̀pá ẹsẹ̀ ti sán. Ẹ má sá; jíà tuntun kò wọ́n, ẹ sì lè torí rẹ̀ ná ọjà wálẹ̀. Èyí tí kò lóògùn ni irin tó ń wú. Láyé ọjọ́un, òjé a máa dàpọ̀ mọ́ síǹkì tí wọ́n fi ń dà ara ẹ́ńjìnnì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, irin náà á wú, á sán, á sì rún. Bí ẹ bá rí èyí tí ara rẹ̀ ti tẹ̀ tàbí tó ti là káàkiri, ẹ má gbà á, bó jẹ́ ọ̀fẹ́ pàápàá.

Ìtọ́jú kò le. Ẹ máa fi aṣọ tí ẹ rẹ díẹ̀ sínú isopropyl alcohol nu irin àti ẹsẹ̀. Ọ́ìlì, ẹ̀kán kan péré, irú èyí tí kì í jẹ ike. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń kó eruku jọ.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí réluwéè tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn ní 1901 ń wù yín láti ṣe, ọ̀nà wà. Fífẹ̀ irin àtijọ́ wa jẹ́ mìlímítà 1067. Ẹ pín in sí ọ̀nà 64, ó di 16.7, irin HO tí wọ́n ń tà káàkiri ayé sì jẹ́ 16.5. Ẹ lè ra ẹ́ńjìnnì HO, kí ẹ ṣí ìborí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì kan ara tuntun fún un ní ìwọ̀n ìdá kan nínú 64. Àwọn ará New Zealand àti South Africa, tí irin tiwọn náà jẹ́ 1067, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi RS-3 tàbí GP7 àlòkù kan bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ yín lè mọ́ iṣẹ́ náà kí ẹ tó fọwọ́ kan olówó ńlá.