Ẹ Má Ṣe Rọ Ọmọ Yín Lómi Ọ̀ṣun

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Màpó n'Ìbàdàn á bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó ọkọ̀ ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ọjọ́ á pé, ìyá á pọn àbíkẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á di ìyá mú láṣọ, kẹ́ẹ̀gì òfìfo á sì wà lábẹ́ ìjókòó. Èmi kò ní kẹ́ ẹ má lọ. Àlùfáà tàbí pásítọ̀ yín lè ní ohun tí yóò sọ sí i, ìyẹn kò kàn mí níbí. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ló kàn mí.

A mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í gbé bọ̀. Ọ̀ṣun, òrìṣà odò náà, ni wọ́n ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó bá wọn wo èyí tó fún wọn. Lọ́jọ́ ọdún, bí Arugbá, omidan tó ń ru igbá ẹbọ, bá ti dé ojúbọ tí wọ́n sì ti gbé ẹbọ fódò, ṣe ni èrò ń ya lọ sétí omi. Òmíràn á bu mu lójú ẹsẹ̀, òmíràn á bọ́jú, òmíràn á rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì. Tí kẹ́ẹ̀gì bá dé ilé ní Bẹ́yẹrúnkà, ife kan fún ọmọ tára rẹ̀ gbóná, díẹ̀ sínú àgbo ìkókó, díẹ̀ fún aláboyún ilé. Ìgbàgbọ́ àtayébáyé ni, n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí àwọn ìyá wa àgbà bù kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́.

Ìgèdè Èkìtì ni odò náà ti ṣẹ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló sì gbà kọjá kó tó dé Òṣogbo. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí ni wọ́n ti ń wa góòlù, àwọn kan pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àwọn mìíràn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń hú ilẹ̀, wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ nínú omi, àwọn tí kò bìkítà a sì máa fi mẹ́kúrì kó góòlù jọ. Gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ ń bá omi lọ. Ìdí nìyẹn tí odò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti bí ọdún mélòó kan. Àyẹ̀wò tí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ṣe fi hàn pé irin olóró bí òjé àti mẹ́kúrì wà nínú omi náà. Lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún.

Mo mọ ohun tí ìyá kan á sọ: "A ó sè é." Àwa tí a fi omi kànga dàgbà ní ìsàlẹ̀ Ìbàdàn, ọgbọ́n méjì la mọ̀: ká sè é, tàbí ká da álọ́ọ̀mù sí i. Iná ń pa kòkòrò, kì í pa òjé. Bí omi bá ń hó tó sì ń fà, ṣe ni òjé tó kù nínú rẹ̀ ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù á jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, omi á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n èyí tó ti yọ́ mọ́ omi kì í bá ẹrẹ̀ lọ tán. Omi tó mọ́ lójú yẹn gan-an ló ń tanni jẹ. Ara ọmọdé sì ń fa òjé mu ju ti àgbàlagbà lọ, ọpọlọ rẹ̀ ló ń bà jẹ́, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ ṣòro láti tún ṣe. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ọmọ tó ju 400 lọ ni òjé pa ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù nínú agbo ilé. Kò sẹ́ni tó dìídì fún wọn ní májèlé. Eruku iṣẹ́ bàbá wọn ni.

Ẹ lè kí odò láìmu ún. Ẹ wúre, ẹ sọ owó ẹyọ sómi, ẹ bá Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀ ọmọ yín. Àwọn ará Japan ń kó ọmọ lọ sójúbọ bíi tiwa: oṣù kọkànlá ni wọ́n ń mú ọmọ ọdún mẹ́ta, márùn-ún àti méje lọ gbàdúrà. Omi wà lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ wọn, wọ́n ń fi fọ ọwọ́, wọ́n ń fi yọ ẹnu, wọ́n sì ń tu ú dànù. Tiwa yìí kò tilẹ̀ yẹ ní yíyọ ẹnu. Omi inú ọ̀rá ni kẹ́ ẹ gbé láti ilé fún àwọn ọmọ.

Tó bá jẹ́ tèmi, ọjọ́ lásán ni mo máa ní kẹ́ ẹ kó wọn lọ, kì í ṣe ọjọ́ àṣekágbá. Nílé níbí, a mọ bí a ti ń kó ọmọ wọlé kí eégún Olóòlù tó yọ, a sì mọ irú orin tí kò yẹ kí ọmọ gbọ́ lọ́jọ́ ọdún Òkè'bàdàn. Kí ló dé tá a wá ń fọwọ́ lẹ́rán ní Òṣogbo, ibi tí a kò ti mọ kọ̀rọ̀ kankan? Lọ́jọ́ lásán, igbó Ọ̀ṣun tí ojúbọ náà wà, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO sì ti kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, á pa rọ́rọ́. Ọmọ á rí àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí mọ. Kó fojú wò, kó má gùn ún. Kó má sì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ọ̀bọ inú igbó náà kì í tọrọ kó tó gbà. Bó bá wá di dandan pé ọjọ́ ọdún lẹ ó lọ, ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá ọmọ, kì í ṣe sí ara bébà. Ẹ má sì gbé e dúró lójú ọ̀nà tí Arugbá ń gbà kọjá, torí èrò tó ń rọ́ tẹ̀ lé e kò ráyè wo ilẹ̀.

Ẹni tó ti fún ọmọ ní òfèrè kan lọ́dún tó kọjá, kó má jáyà. Ẹni tí kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ni kó ṣíwọ́ fífún ọmọ mu lónìí. Bí ọmọ tó ti ń mu ún bá ń kígbe inú rírun, tí kò lókun, tàbí tí gìrì ń gbé e, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù tàbí UCH. Ẹ sọ fún dókítà pé omi Ọ̀ṣun ló ń mu, àti iye ìgbà tó ti mu ún. Bí ẹ bá dákẹ́, ibà ni wọn yóò kọ́kọ́ máa tọ́jú.